Oògùn ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọmú: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè irú oògùn ìrora tí àbúrò mi obìnrin lè lò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi tún ọmú rẹ̀ ṣe ní Ìkẹjà. Paracetamol 500mg ni dókítà fọwọ́ sí, hóró méjì lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọdọ̀ kọjá mẹ́jọ láàárín wákàtí 24. Dókítà ní kò gbọdọ̀ lo aspirin rárá, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ka ara páálí oògùn òtútù, torí paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, èyí sì lè mú kí èyí tí èèyàn ń lò kọjá ìwọ̀n. Irú oògùn òtútù bẹ́ẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí àbúrò mi tí mo yára gbé kúrò. Tramadol tí àwọn kan dárúkọ máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ líle, a kò sì nílò rẹ̀. Ó ti ń sùn dáadáa báyìí, nítorí náà mo parí ìbéèrè mi síbí.