Àrokò ni, kì í ṣe ọmọ-ogun: èsì mi lórí sáítókáìnì àti ilé ẹyin

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa dábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí a máa pe sáítókáìnì, ìyẹn àwọn púrótéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn nínú ètò tí ara fi ń dáàbò bo ara rẹ̀, ní "ọmọ-ogun ara". Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Mọ̀pà ní "òjíṣẹ́ àjẹsára" ló tẹ́ òun lọ́rùn. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì. Ṣùgbọ́n agbẹ̀bí ni mí ní Kàbà, mo sì ti rí ohun tí "ọmọ-ogun" lè fà, n kò lè dákẹ́.

Obìnrin kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti ń wá ọmọ. Ẹnìkan ti ka ìwé pélébé kan sí i létí, pé àwọn ọmọ-ogun ara a máa gbógun ti ilé ẹyin (ovary, ibi tí ẹyin obìnrin ń gbé), ilé ẹyin a sì wú. Obìnrin yìí rò ó pé tó bá jẹ́ ogun ni, kí òun yáa tètè ṣẹ́ ẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra diclofenac lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, ó ń gbé e mì lójoojúmọ́, oṣù ń wọlé, oṣù ń jáde. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé irú oògùn ara ríro bẹ́ẹ̀ lè mú kí àpò ẹyin, àpò kékeré tí ẹyin ń dàgbà sí nínú ilé ẹyin, má fọ́ nígbà tó yẹ kó fọ́, tàbí kó pẹ́ kó tó fọ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó wò mí lójú, ó ní, "Màmá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé ogun ni?"

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Ní 1980, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Lawrence Espey, sọ pé bí àpò ẹyin ṣe ń fọ́ jọ bí ara ṣe máa ń gbóná tó sì máa ń wú nígbà tí nǹkan bá ṣe é. Hòmóònù LH á tú jáde lábẹ́ ọpọlọ, á gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ilé ẹyin. Ní nǹkan bíi wákàtí 36 lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga, àpò á fọ́, ẹyin á bọ́ síta. Láàárín wákàtí wọ̀nyẹn ni àwọn sáítókáìnì bíi IL-1, IL-6, IL-8 (IL ni ìkékúrú "interleukin") àtàwọn ẹgbẹ́ wọn máa ń ṣiṣẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí ẹyin ká pàápàá ń ṣe lára wọn. Ẹ̀jẹ̀ funfun á wọlé, ògiri àpò á rọ̀, á fẹ́lẹ́, á là. Lẹ́yìn náà, ojú ibẹ̀ á jiná. Ọ̀tá wo ló wà níbẹ̀ tí ọmọ-ogun ń bá jà?

(Mo ń lo "ilé ẹyin" fún ilé gan-an, "àpò ẹyin" fún àwọn àpò kéékèèké inú rẹ̀. Àwọn kan láàárín wa ń fi èkejì pe èkíní. Ilé kan ni, àpò inú rẹ̀ pọ̀ jọjọ. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.)

"Òjíṣẹ́" sàn ju "ọmọ-ogun" lọ fíìfíì. Àmọ́ òjíṣẹ́ lẹ́nu, tí ọ̀rọ̀ kò bá yé ọ, á tún un sọ. Sáítókáìnì kò lẹ́nu. Tí a bá sì pe àjẹsára ní Kàbà, abẹ́rẹ́ ọmọ ni gbogbo ìyá ń gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ká pè é ni àrokò ara. Ẹ rántí bí owó ẹyọ ṣe ń sọ̀rọ̀. Méjì tó kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni. Méjì tó kẹ̀yìn síra, ìjà ni. Mẹ́fà: ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ: ọ̀rọ̀ wa jọra. Owó ẹyọ kan náà ni, iye rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe tò ó ló ń yí ìtumọ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni IL-6 rí. Tó bá wá fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí àpò ń fọ́, iṣẹ́ ire ló ń ṣe. Nínú PCOS, níbi tí àpò kéékèèké ti ń pọ̀ nínú ilé ẹyin láìfọ́ déédéé, irú àrokò yìí sábà máa ń ga díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láìsinmi. Àrokò tí wọn kò dáwọ́ fífi ránṣẹ́ dúró ni wàhálà, kì í ṣe àrokò fúnra rẹ̀.

IL-8, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa fa ẹ̀jẹ̀ funfun wá, a lè pe irú tirẹ̀ ní "àrokò ẹ̀fà". Ẹ má jẹ́ kí 8 tó wà lára orúkọ rẹ̀ mú wa lọ sórí ẹ̀jọ. Nọ́ńbà ìtòlẹ́sẹẹsẹ lásán nìyẹn.

Ẹ tún wo ohun tó ṣe àwọn tó kọ́kọ́ sọ wọ́n lórúkọ. Nígbà tí wọ́n fẹnu kò lórí "interleukin" ní Switzerland ní 1979, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé àárín ẹ̀jẹ̀ funfun ni ó ń ṣiṣẹ́. Lónìí, a mọ̀ pé kò mọ síbẹ̀. Sáítókáìnì mìíràn ni LIF, orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ó ń dènà jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀ ní 1992 wọ́n rí i pé abo eku tí kò ní LIF lè ní ọlẹ̀, ṣùgbọ́n ọlẹ̀ náà kò lè dì mọ́ ilé ọmọ. Wọ́n gbé ọlẹ̀ yẹn sínú eku mìíràn, ó dì mọ́ ọn, ó sì dàgbà. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà sì há wọn mọ́. Tí a bá kọ "ọmọ-ogun", ọ̀fìn kan náà la ń gbẹ́ fún ara wa.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní àrokò àti àròkọ á máa dàrú mọ́ra lọ́wọ́ àwọn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi so "ara" mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó ń kọ àròkọ fún sẹ́ẹ̀lì.

Mo ti gbé e lọ síwájú àwọn aláboyún àti ìyá ọkọ wọn ní ilé ìwòsàn wa. Ìyá àgbà kan láti Ìyàrà bi mí pé, "Tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà ńkọ́?" Orí mi wú. Ìbéèrè náà ni ríséptọ̀, ìyẹn ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba àrokò, ń dáhùn: sẹ́ẹ̀lì tí kò ní in, àrokò á kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò sí. Nítorí tirẹ̀ ni mo fi ń dábàá "amàrokò" fún ríséptọ̀.

Ẹ̀yin ará Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀ tó wà níbí, báwo lẹ ṣe ń pe àrokò lẹ́nu tiyín? Mo fẹ́ tẹ ìwé pélébé tuntun jáde lóṣù tó ń bọ̀, kí obìnrin yẹn lè wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ gbà á.