Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ọmọ onílùú lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston

Ẹ kú ilé o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn àwọn ẹlòmíràn níbí láì sọ tèmi. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí ni pé látìgbà tí káàdì ìgbélùú mi (green card) ti dé, àwọn ọ̀rẹ́ tó ń pè mí láti ilé kì í béèrè àlàáfíà ìyàwó. "Èló lo san fún un?" ni wọ́n ń béèrè.

Mi ò san kọ́bọ̀ fún un. Ìjọba ni mo sanwó fún.

Oṣù kẹjọ 2021 ni mo dé Texas lórí F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, mo wá ka másítà. Iṣẹ́ tí òfin fún mi láyè láti ṣe nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé kò ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀, inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà sì ni. Wọ́n fi mí sí yàrá ìkàwé, kí n máa to ìwé padà sórí pẹpẹ. Ibẹ̀ la ti pàdé. Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni, ọmọ Houston pọ́ńbélé. Ó ń ran tíṣà lọ́wọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń wá kàwé lálẹ́. Ìjà la fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní mo to ìwé kan síbi tí kò yẹ, èmi náà ń jiyàn. Síbi tí kò yẹ ni mo tò ó sí lóòótọ́.

Lọ́jọ́ tí mo sọ fún màmá mi lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ títí tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Akátá?" Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Àwọn tí à ń pè bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tó túmọ̀ sí báyìí. Ìyàwó mi jókòó tì mí, ó sì gbọ́ ọ.

Oṣù kẹfà 2024 la lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé káńtì. Ní Texas, tẹ́ ẹ bá ti gba ìwé àṣẹ ìgbéyàwó, ẹ máa dúró fún wákàtí 72 kí wọ́n tó lè so yín pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lo ọjọ́ mẹ́ta yẹn dáadáa. Wọ́n pè mí jókòó sí pálọ̀ wọn, wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí ọlọ́pàá kò lè bí mi. Ta ni bàbá mi? Ṣé mo níyàwó nílé? Ṣé mo lọ́mọ? Mi ò bínú, nítorí àwọn ló máa fọwọ́ sí ìwé tó wúwo jù nínú fáìlì wa.

Ìwé náà ni I-864. Ẹni tó bá ń mú ọ wọlé gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó tó ń wọlé fún òun tó bọ́ yín. Fún èèyàn méjì lọ́dún 2024, ó gbọ́dọ̀ tó 25,550 dọ́là lọ́dún. Owó oṣù ìyàwó mi kò tó o. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló wá dúró bí onígbọ̀wọ́ kejì. Ẹ má fojú kékeré wo ìfọwọ́sí yẹn o. Bí èmi àti ìyàwó mi bá kọ ara wa sílẹ̀ lọ́la, ìgbọ̀wọ́ náà ṣì wà lọ́rùn wọn títí màá fi di ọmọ onílùú tàbí kí n ṣiṣẹ́ tó ìwọ̀n ọdún mẹ́wàá. Obìnrin tí kò tíì mọ̀ mí tó ọdún méjì! Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Máa jẹun dáadáa."

Owó tá a san fún ìjọba nìyí: 675 fún I-130 (ìwé tí ìyàwó mi fi béèrè fún mi), 1,440 fún I-485 (ìwé tí èmi fi béèrè fún káàdì), 260 fún ìwé àṣẹ iṣẹ́, 630 fún ìwé àṣẹ ìrìnàjò. 3,005 dọ́là lápapọ̀, mi ò tíì ka ti dókítà tó yẹ̀ mí wò àti ti lọ́yà. Àbúrò mi ló lọ tò ní Abẹ́òkúta fún ìwé ẹ̀rí ìbí mi lọ́wọ́ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, torí pé wọn kò fún ìyá mi ní nǹkan kan nígbà tí wọ́n bí mi ju káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ.

Ibi tó dùn mí wọra nìyí. Oṣù kọkànlá 2024, agogo mẹ́rin ìdájí, fóònù dún. Bàbá mi ti kú. Mùsùlùmí ni wá, ẹ sì mọ bó ṣe ń rí: kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín. Ìwé ìrìnàjò mi kò tíì jáde. Mo pe lọ́yà. Físà F-1 tí mo tún ṣe ní Èkó ní 2023 kò tíì kú nínú pásípọ́ọ̀tù mi, mo sì lérò pé mo lè fi í lọ, kí n fi í bọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yọ̀. Lọ́yà ní wọ́n lè jẹ́ kí n wọlé ní pápákọ̀ òfurufú lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá ti jáde láìní ìwé àṣẹ yẹn, wọ́n á kà á sí pé mo ti pa I-485 mi tì. Owó lọ, fáìlì kú.

Ọ̀nà kan wà fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, èèyàn lè pè wọ́n kó lọ gba ìwé náà ní ọ́fíìsì wọn. Mo pè. Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí ikú wá. Ẹ̀rí ikú látọ̀dọ̀ ilé ìwòsàn dé lọ́jọ́ kẹsàn-án. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ti kọjá. Orí fóònù àbúrò mi ni mo ti wo ìsìnkú bàbá mi, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, bí àwòrán bá sì dúró, màá rí etí agbádá ẹnì kan àti erùpẹ̀.

Ìyàwó mi gba fóònù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà láti kí màmá mi. Kò gbọ́ Yorùbá. Màmá mi kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tó yẹn. Àwọn méjèèjì kàn ń sunkún síra wọn létí, bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ọjọ́ náà ni màmá mi ti ń pè é ní Àjọkẹ́.

Wọ́n pè wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní oṣù kẹta 2025. A kó àkáǹtì bánkì àjùmọ̀ní lọ, ìwé inṣúrànsì ọkọ̀, àdéhùn ilé tí orúkọ àwa méjèèjì wà níbẹ̀, àti fọ́tò. Lọ́yà ti sọ fún wa pé ká má kó kìkì fọ́tò ọjọ́ ìgbéyàwó, pé ká fi ti ọjọ́ lásán kún un. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo ti ń tún gọ́tà ṣe, mi ò wọ ẹ̀wù. Ọ́físà náà wò ó pẹ́.

Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni wọ́n ń pe ìyàwó mi nílé. Mo ní Àjọkẹ́. Ó yíjú sí i, ó ní kí ni ìyẹn. Ìyàwó mi ní, "Orúkọ tí ìyá ọkọ mi fún mi ni. Ó ní ó túmọ̀ sí ẹni tí gbogbo wa jọ ń kẹ́." Ó pè é bí ẹni tó ní iṣu gbígbóná lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó pè é. Ọ́físà náà kò béèrè nǹkan púpọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Káàdì ọdún méjì ni wọ́n fún mi, torí pé ìgbéyàwó wa kò tíì pé ọdún méjì lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Láàárín 90 ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí káàdì yẹn máa kú ní 2027, àwa méjèèjì máa jọ fọwọ́ sí I-751, ìwé tí a fi ń béèrè fún káàdì tí kì í ṣe ti ọdún méjì mọ́. Tiwa nìyẹn. Ta ló kàn?

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú ìnira o, Ọmọ Ẹ̀gbá. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ bàbá.

Tèmi yàtọ̀. Ọmọ Yorùbá ni ọkọ mi náà, Peckham ní London ni wọ́n bí i sí, ọmọ onílùú ni. Kò sẹ́ni tó fura sí ìgbéyàwó wa. Owó ló fẹ́ pa wá. Látọjọ́ 11 oṣù kẹrin 2024 ni ìjọba ti gbé iye tó yẹ kó máa wọlé sókè láti 18,600 sí 29,000 pọ́n-ùn. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn la fẹ́ fi ìwé wa ránṣẹ́! Owó ọkọ mi kò tó 29,000. Ohun tó gbà wá ni pé mo ti kúrò lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sórí èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó ti gboyè jáde, mo sì ń ṣiṣẹ́ níbí lọ́nà tó bófin mu, wọ́n wá ka owó tèmi pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bìrìtìkó, ẹ tọ́jú ìwé owó oṣù yín ti oṣù mẹ́fà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀kan sọnù.

Nígbà tá a lọ kéde ìgbéyàwó ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, ọjọ́ 28 ni mo rò pé a máa dúró. Wọ́n ní torí físà mi, àwọn máa sún un di ọjọ́ 70. Aṣọ ẹbí ti délé! Gèlè ti délé! Ìyá ọkọ mi ti sanwó gbọ̀ngàn. A ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ lọ́jọ́ tó wà nílẹ̀, a jẹ ìrẹsì, a jó, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan la wá lọ fọwọ́ sí ìwé, àwa mẹ́rin péré, nínú òjò.

Owó ìwé náà nígbà yẹn jẹ́ 1,258 pọ́n-ùn, owó ìlera sì jẹ́ 2,587 àti ààbọ̀. Ọdún méjì àbọ̀ péré ni wọ́n fún wa fún gbogbo ìyẹn, a máa tún un san. Ó gbọ́dọ̀ pé ọdún márùn-ún kí n tó lè béèrè fún ìgbélùú títí láé, ọdún tí mo fi kàwé kò sì sí nínú rẹ̀.

Kò Sórúkọ

Mo máa sọ ọ́ ní ṣókí. Arẹ́njì, ìgbéyàwó tí à ń fowó rà nítorí ìwé, ni mo fẹ́ ṣe. Obìnrin kan ní kí n san 15,000 dọ́là, mo ti fún un ní 5,000. Kó tó di pé a lọ sí kọ́ọ̀tù, ó ní ó ti di 20,000. Mo fi tirẹ̀ sílẹ̀, mo gbà pé owó ti lọ.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, mo pàdé ẹni tí mo fẹ́ràn gidi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún lọ́yà. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá mo fọwọ́ sí ìwé kankan pẹ̀lú obìnrin àkọ́kọ́. Mo ní rárá. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní tí mo bá ti fọwọ́ sí i tí wọ́n sì mọ̀ pé irọ́ ni, kò sí ọkọ tàbí aya gidi tó lè mú mi wọlé mọ́ láyé mi, yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún tó ṣeé ṣe. Obìnrin tó gba 5,000 mi ló yọ mí, ẹ ò rí nǹkan.

Àdùkẹ́ Maryland

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin obìnrin gbọ́ èyí. Ọkọ mi, ọmọ onílùú, máa ń gbá mi létí, á sì ní, "Pe ọlọ́pàá, kí n fa ìwé rẹ ya." Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi gbà á gbọ́. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló mú mi lọ sọ́dọ̀ lọ́yà ọ̀fẹ́. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní I-360, tí aya tí ọkọ ń lù lè fi béèrè fún ìgbélùú fúnra rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, ọkọ mi kò mọ̀, òfin kò sì gba àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láyè láti sọ fún un. Kọ́bọ̀ ni mi ò san fún ìjọba lórí rẹ̀. Ẹ̀rí tí mo kó jọ ni fọ́tò ojú mi, ìwé ilé ìwòsàn, àti ọ̀rọ̀ tó kọ sí mi lórí WhatsApp. Ilé mi lọ́tọ̀ ni mo wà báyìí. Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Aláré, Atlanta

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mo fi I-485 mi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá. Iléyá ti dé tán, àwọn ẹgbẹ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ti yan aṣọ fún Ojúde Ọba, mo sì ti fún télọ̀ lówó. Físà F-1 mi ṣì wà dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fẹ́ lò. Ṣé kò sí wàhálà?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ka ohun tí mo kọ sókè? Ẹ má lọ. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ rán aṣọ náà, kí àbúrò yín wọ̀ ọ́, kó gbé fóònù dání. Ẹ sọ fún un kó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú dáadáa.