Ẹ jọ̀ọ́, fíìmù wo ló sọ ìtàn àwọn apẹja Dẹ́nmárkì tó gba àwọn Júù là?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn fíìmù ìtàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti màmá mi wo One Life, níbi tí Anthony Hopkins ti ṣe Nicholas Winton, ará Ìlú Ọba tó wà lára àwọn tó ṣètò bí wọ́n ṣe fi rélùwéè kó ọmọdé 669 kúrò ní Prague lọ́dún 1939. Ọmọ Júù ló pọ̀ jù nínú wọn. Màmá sunkún títí, àwọn tí kì í wo fíìmù òyìnbó tẹ́lẹ̀ o! Wọ́n ti ní kí n wá irú ẹ̀ míì.

Ti Dẹ́nmárkì ló wà lọ́kàn mi, oṣù kẹwàá 1943. Georg Duckwitz, ọmọ Jámánì fúnra rẹ̀, ló ta wọ́n lólobó pé àwọn Násì ń bọ̀ wá kó àwọn Júù. Làwọn èèyàn bá fi wọ́n pamọ́ sínú ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọsibítù, àwọn apẹja sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé èyí tó lé ní 7,000 sọdá sí Swídìn. Àwọn apẹja kan gba owó gọbọi o, mi ò sì fẹ́ fíìmù tó máa fi ìyẹn pamọ́ bíi pé áńgẹ́lì ni gbogbo wọn.

Ta ló mọ èyí tó dáa? Kí wọ́n ti kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ rẹ̀ o. Kó má sì jẹ́ èyí tí wọ́n á máa yìnbọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, màmá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru.