Ravens: ṣé gbígbé bọ́ọ̀lù sáré yìí ló ń pa wá ni, àbí kí ni?

ỌmọTanke

Ẹ̀yin èèyàn mi, àsàlámù àlékùn o. Mi ò tíì sùn. Ibi tí mo ti ń dúró de kẹ̀kẹ́ ní Tipper Garage ni mo ti ń tẹ nǹkan yìí, ojú mi pọ́n bí ata. Agogo kan kọjá ogún ìṣẹ́jú lóru, September 2025 yìí, ni Ravens wa, tíìmù Baltimore nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí gbá a pẹ̀lú Buffalo nílé wọn, mo ti ra dátà sílẹ̀ látọjọ́ Sátidé, mo ti gba páwà báǹkì lọ́wọ́ àbúrò mi, mo ní òní ni mo máa gbádùn ara mi. Ẹ wá wo nǹkan tójú mi rí.

Kọ́tà kẹrin, 40 sí 25, àwa la wà níwájú. Derrick Henry, asáré wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù sá yáàdì 46 wọlé, mo pariwo débi pé bàbá tó wà ní yàrá kejì kan ògiri fún mi. Mo ti ń wá ibi tí mo máa gbórí lé kí n fi rẹjú díẹ̀ kí wọ́n tó pèrun àsùbáà. Buffalo wá gba touchdown kan, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá wa, ó di 40 sí 32, kò tiẹ̀ bà mí lẹ́rù rárá, ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta ló kù, ọwọ́ wa ni bọ́ọ̀lù wà, ká sáà máa gbé e fún Henry kó máa sá a lọ díẹ̀díẹ̀ kí aago fi tán, ṣebí iṣẹ́ tá a torí ẹ̀ gbà á nìyẹn. Ni bọ́ọ̀lù bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Henry náà o! Ẹni tó ti sá yáàdì 169 lóru kan ṣoṣo! Buffalo gbé e, wọ́n gba òmíì, 40 sí 38, a gba bọ́ọ̀lù padà a ò rí nǹkan kan fi ṣe, wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀ wá, aago ń tán lọ báyìí ni wọ́n fẹsẹ̀ gbá a gba àárín igi. 41 sí 40. Mo jókòó mo ń wo fóònù bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tẹ̀lé Kansas City ti fi voice note ránṣẹ́ kí n tó ṣàlùwàlá tán, ẹ̀rín ló kún inú ẹ̀, ó ní bọ́ọ̀lù ayé ijọ́sí là ń gbá, pé kò sẹ́ni tó ń fi sísá jẹ nǹkan kan mọ́ láyé Mahomes, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún tíìmù wọn. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo ń rò ó. Látìgbà tí Lamar Jackson tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa ti dé ní 2018, sísá la fi ń jẹun. Lọ́pọ̀ ọdún a máa ń na àwọn èèyàn bó ṣe wù wá ní síísìn, tó bá wá di January tí wọ́n ń gbá àwọn ìfigagbága ìparí síísìn, ẹkún. Ṣé ọgbọ́n yìí ni kò dáa ni àbí àwa la ò mọ̀ ọ́n lò? Ẹ dákun ẹ dá mi lóhùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn fẹ́ bú mi, ẹ kọjá.


Arrowhead_Ọ̀fà

Èmi ni mo fi voice note yẹn ránṣẹ́ o, mi ò sì tíì rẹ́rìn-ín tán.

Ẹ jẹ́ n sòótọ́ fún yín. Tẹ́ ẹ bá gbé bọ́ọ̀lù sá lẹ́ẹ̀kan, yáàdì mẹ́rin ó lé díẹ̀ lẹ máa rí. Tẹ́ ẹ bá jù ú, bíi méje. Ọmọ jẹ́léósinmi mọ èyí tó pọ̀ jù. Ìgbà mẹ́rin péré ni wọ́n fún yín láti fi rin yáàdì mẹ́wàá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń forí gbá ògiri? Tí wọ́n bá tún wá fi touchdown méjì ṣíwájú yín ńkọ́, ẹ ó máa sá yáàdì mẹ́rin mẹ́rin títí ilẹ̀ á fi mọ́, aago á sì máa lọ lórí yín. Ife Super Bowl mẹ́ta, àṣekágbá líìgì, ni Mahomes ti gbà. Lamar ńkọ́? MVP méjì, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó dáa jù ní síísìn. Ẹ lọ fi MVP se gbẹ̀gìrì.

Henry yẹn náà, ọmọ ọdún 31 ni. Ẹ fẹ́ lò ó bí ẹṣin.


Alfa_Pakata

Arrowhead, o mọ ìṣirò, o ò mọ bọ́ọ̀lù.

Jẹ́ ká jọ rántí January 2024, ní Baltimore níbẹ̀, Kansas City tìẹ yìí náà ló wá bá wa. Gbogbo síísìn yẹn kò sí tíìmù tó gbé bọ́ọ̀lù sá tó wa nínú gbogbo líìgì. Ọjọ́ dé, ìgbà mélòó la sá? 16 péré, èyí tí Lamar fẹsẹ̀ ara ẹ̀ sá sì wà nínú ẹ̀ o. Àwọn running back gan-an, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ sísá, ẹ̀ẹ̀mẹfà! Ọmọ tó ń ta gúgúrú ní Post Office ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá ti rí mọ́tò tó fẹ́ gbéra. Lamar wá ń jù ú bí ẹni ń sọ òkò sí máńgòrò, ìgbà 37. Ẹ nà wá 17 sí 10. Ta ló pa wá níbẹ̀, ṣé sísá ni?

Ká tún padà sí January 2020. Ọdún tá a jẹ 14 tí wọ́n nà wá ní méjì, ọdún tá a sá yáàdì 3,296, tíìmù kankan ò sá tó bẹ́ẹ̀ rí látọjọ́ tí líìgì NFL ti wà. Tennessee wá sílé wa, wọ́n ṣíwájú díẹ̀, orí kóòṣì dàrú, Lamar ju bọ́ọ̀lù ní ìgbà 59. 28 sí 12. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló sá yáàdì 195 lé wa lórí lọ́jọ́ yẹn. Henry yìí náà ni! Ẹni tó fi sísá nà wá la wá lọ mú wálé ní 2024, ẹ tún ń sọ pé sísá ò ṣiṣẹ́.

Àìsàn wa kì í ṣe pé à ń sá jù. Jìnnìjìnnì ni. Tí wọ́n bá ti ṣíwájú wa báyìí, a máa ń ju ohun tá a mọ̀ ọ́n ṣe nù, a ó lọ máa ṣe ohun tí ẹlòmíì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀rọ̀ yáàdì mẹ́rin tó o sọ yẹn, lóòótọ́ mẹ́rin ni ní kọ́tà kìíní. Ṣùgbọ́n Henry lé ní kìlò 110. Ṣé o ti gbé sìmẹ́ǹtì rí? Báàgì kan, kìlò 50. Ó wá dà bíi kí báàgì méjì àti díẹ̀ máa sáré bọ̀ wá bá ẹ láyà, kó o mú u lulẹ̀, kó dìde, kó tún máa bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, lẹ́ẹ̀mejìlélógún. Tó bá di kọ́tà kẹrin, ọwọ́ lo máa nà sí i, o ò ní fẹ́ fi àyà gbà á mọ́. Ibẹ̀ ni yáàdì 46 ti ń wá. Ṣé ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin ò mọ oríkì yín mọ́ ni? Ìlú tóbi tó báyìí kò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn. Arrowhead fẹ́ fi ẹṣin bú wa, kò mọ̀ pé oríkì ló ń kì wá.


Ìyá_Ìbejì_GaaAkanbi

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ wà nídìí ẹ̀ tí ọkọ mi fi jí àwọn ọmọ mi láago mẹ́rin òru. Ó kígbe "Henry!" mo rò pé olè wọlé ni, àṣé bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé kiri bí ẹni ru ẹ̀bà, tẹ́ ẹ tún ń pè é ní bọ́ọ̀lù.

Mo ti bá a wò ó padà láàárọ̀ yìí torí kò jẹ́ kí n sinmi, ó ń fi hàn mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin. Èmi ò mọ ọgbọ́n kóòṣì o. Ṣùgbọ́n nígbà tá a wà ní kékeré ní Ìgbàjà tá a máa ń lọ pọnmi, ẹni tó bá gbé nǹkan tó sì wà láàárín èrò, àyà ló ń gbá a mọ́, ọwọ́ méjèèjì. Ẹ wo ọkùnrin yẹn dáadáa, wọ́n ti dì í mú, ọ̀kan nínú wọn wá tọwọ́ bọ ibẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù yẹn sọnù. Kí ló kan sísá níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ dídìmú ni.

Ẹ bá mi dáhùn ìbéèrè kan. Ọkọ mi ń pariwo pé "aago, aago, wọn ì bá ti pa aago". Ta ló ń pa aago?


ỌmọTanke

Hahaha ẹ má bínú mà, ẹ bá wa bẹ àwọn ìbejì. Ó jọ pé ìwọ̀nba àwa tá à ń wò ó nílùú yìí, gbogbo wa la jọ kígbe lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ aago rèé mà. Tí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni ò sì rí i hán, aago á dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ni tó gbé e bá sá, tí wọ́n dá a lulẹ̀ láàárín pápá, aago ò dúró, á máa lọ ni, ẹ sì lè lo bí ogójì ìṣẹ́jú-àáyá kẹ́ ẹ tó tún gbé e. Ẹni tó wà lẹ́yìn á wá máa wo aago bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó já a sílẹ̀, àfi tó bá ní timeout, àǹfààní láti dá aago dúró, lọ́wọ́, ìyẹn náà ò sì ju mẹ́ta lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní tó o bá wà níwájú kó o máa sá. Ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn, ibi tó yẹ kí sísá ti wúlò jù gan-an ló ti já wa kulẹ̀.


Kóòṣì_Ọ̀mùÀrán

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n dá sí i. Èmi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, ti Amẹ́ríkà yìí mo kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Maryland ló kó o ràn mí.

Ẹ rántí 1994, àwa àti Bulgaria. Yẹkini wa, ọmọ Ira, ló kọ́kọ́ gbá a wọlé, ó ki ọwọ́ bọ inú àwọ̀n ó ń sunkún. Gbogbo èèyàn mọ̀yẹn. Ṣùgbọ́n góòlù mẹ́ta la gbá wọlé lọ́jọ́ yẹn, Amokachi gbá kan, Amuneke gbá kan. Tójú gbogbo wọn bá ti wà lára Yẹkini, àyè á gba ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Henry ṣe rí. Iṣẹ́ ẹ̀ kì í ṣe kó sá nìkan, iṣẹ́ ẹ̀ ni kí wọ́n máa bẹ̀rù pé ó fẹ́ sá. Lamar á na bọ́ọ̀lù sí i, dífẹ́ǹsì á rọ́ wá síwájú gìrìgìrì, Lamar á yọ ọ́ padà á jù ú sẹ́yìn wọn, play-action nìyẹn. Ẹ wò ó, ọdún tí Henry dé, 2024, tó sá yáàdì 1,921, ọdún yẹn náà ni Lamar ju touchdown 41, kò jù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé ẹ̀. Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un?

Arrowhead, mi ò fẹ́ fọwọ́ kan egbò, ṣùgbọ́n February 2025 ńkọ́? Saquon Barkley ti sá yáàdì 2,005 ní síísìn fún Philadelphia. Ẹ dé Super Bowl, ẹ kó gbogbo ara jọ láti dá Barkley dúró, ẹ sì dá a dúró lóòótọ́, 57 péré ló rí. Jalen Hurts tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn wá ń jù ú gba orí yín kọjá. 40 sí 22. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní tíìmù tó kọ́kọ́ ń sá. Ẹ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n gba fèrèsé wọlé.

Ibi tí mo ti gbà fún ẹ ni pé sísá nìkan ò tó. January 2025, Buffalo yìí náà, 27 sí 25, ó ku bọ́ọ̀lù kan ká fi bá wọn dọ́gba, Lamar jù ú dáadáa, Mark Andrews tiwa ò rí i dì mú. Ẹ rí i pé gbogbo ìgbà tá a bá ń sunkún, ọwọ́ ẹnì kan ni bọ́ọ̀lù ti bọ́. Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ sọ ọ̀rọ̀ o.


Arrowhead_Ọ̀fà

Ẹ ti dárúkọ 40 sí 22 báyìí, ẹ ò fẹ́ ká ṣeré mọ́.

Ó dáa, mo gbà pé dídìmú ni ti òru àná. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n béèrè. Lẹ́yìn tí Buffalo di 38, bọ́ọ̀lù padà sọ́wọ́ yín, kò pé ìṣẹ́jú méjì tó kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́ṣin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sá ju yáàdì 200 lọ lóru yẹn, yáàdì mẹ́wàá péré lẹ nílò, ẹ ò rí i. Ẹ gbá a padà fún Josh Allen, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Buffalo. Sìmẹ́ǹtì náà dà?


Alfa_Pakata

Wọn ò gbé sìmẹ́ǹtì náà bó ṣe yẹ ni. Ẹ̀rù ti bà wọ́n nítorí pé ó já bọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí mo ń sọ látàárọ̀ nìyẹn, jìnnìjìnnì. Tí mo bá jẹ́ kóòṣì, ẹni tó jẹ́ kó já bọ́ yẹn náà ni mo máa dá a padà fún, lójú ẹsẹ̀, kóun náà mọ̀ pé mi ò kọ̀ ọ́.

Ó ti tó báyìí. Sunday tó ń bọ̀, Cleveland ló ń bọ̀ nílé wa ní Baltimore, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ níbí, kì í ṣe ti òru, a ó ti kírun Àsárì tán. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Pakata, mo ní tẹlifíṣọ̀n, mo ní jẹnẹrétọ̀. Arrowhead ló máa ra epo, torí ẹ̀rín tó rín láàárọ̀. Ìyá tó ń ta wàrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.


Arrowhead_Ọ̀fà

Lítà mélòó?


Alfa_Pakata

Márùn-ún. Ravens kì í tètè parí, aago là ń jẹ.


Ìyá_Ìbejì_GaaAkanbi

Ọkọ mi ò ní lè wá o. Ó ti ṣèlérí látinú oṣù tó kọjá pé lọ́jọ́ Sunday yẹn lòun máa tún ilẹ̀kùn ilé adìyẹ ṣe.


ỌmọTanke

Mà, ẹ jẹ́ kó wá, a ó jọ wá tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi ni màá mú ìṣó wá. Kẹ̀kẹ́ ti dé, mo ti pẹ́ níbi iṣẹ́.