Fáànù balùwẹ̀ wa tó ń pariwo lásán

Màmá Tòbí: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi o, torí owó ti ra lọ́wọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ fáànù balùwẹ̀ tí kì í fa ooru yìí. Fúláàtì tí à ń gbé ní Peckham, ní London níbí, òkè pátápátá ni, abẹ́ òrùlé, balùwẹ̀ ò ní wíńdò, fáànù kékeré kan ló wà lára àjà. Òtútù àkọ́kọ́ tá a lò níbẹ̀, kí Kérésì tó dé, kọ̀rọ̀ àjà ti dúdú, ó bu bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nínú ọ̀rá. Mo fi bílíìṣì nù ún, mo kùn ún, ó tún yọjú, mo tún kùn ún. Lánlọ́ọ̀dù ní àwa la máa ń wẹ̀ jù (ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀!).

Mo wá fowó ara mi ra fáànù ńlá, èyí tó máa ń tan ara ẹ̀ tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀. Ó ń hó bíi jẹnẹrétọ̀, ògiri ṣì ń làágùn.

Bọ̀dá kan tó ń ṣiṣẹ́ iná ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló là mí lójú. Ó dé lọ́jọ́ Sátidé, kò tiẹ̀ ṣí báàgì irinṣẹ́, ó ní kí n fún òun ní tíṣù ẹyọ kan, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi tíṣù yẹn sẹ́nu fáànù. Ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó rọra já bọ́ sínú bááfù. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn, ó tún gbé tíṣù síbẹ̀, fáànù dì í mú díẹ̀. Ó ní ṣé ẹ rí i, fáànù ò rí afẹ́fẹ́ fà ni, kápẹ́ẹ̀tì yín ti dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ó yẹ kí àlàfo bíi mìlímítà 10 wà níbẹ̀. Ló bá gun òkè àjà. Ẹ ò ní gbàgbọ́: Ghana Must Go wa, tí mo kó aṣọ tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé sí, òun ló jókòó lé páìpù fáànù lórí, ó ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ! Ẹnu páìpù ọ̀hún ò tiẹ̀ dé ìta, inú òrùlé ló ń tú ooru omi sí, igi ibẹ̀ ti tutù.

Bọ̀dá ní òfin ilé kíkọ́ ní England fẹ́ kí fáànù balùwẹ̀ fa líta 15 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti kíṣìnì 60, tó bá wà lókè sítóòfù 30, àmọ́ tí páìpù bá gùn tó sì kákò, ohun tí wọ́n kọ sára páálí ò ní ṣẹ. Ó fi páìpù líle rọ́pò ẹ̀, ó wé e kó má baà máa kán omi padà, ó gbé ẹnu ẹ̀ síta.

Ọmọ Ìbàdàn: Àǹtí, tiyín tiẹ̀ sàn. Tiwa, ẹnu fáànù wà ní kọ́rídọ̀, gbogbo ooru ìwẹ̀ ń bọ̀ lójú ẹni tó ń jẹun ní pálọ̀, tí wọ́n bá sì mú iná lọ, ó tán nìyẹn. Bíríkìlà la ní kó lu ògiri, ó fi bùlọ́ọ̀kù oníhò méjì sí i, a ta nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí ẹ̀fọn. Ó dáa díẹ̀, àmọ́ lásìkò òjò, tówẹ́lì kì í gbẹ síbẹ̀.

Màmá Tòbí: Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Ti wa ti gbẹ, bàbá Tòbí ló kù. Wọ́n ń pa fáànù nítorí bíìlì iná, bẹ́ẹ̀ wáàtì 8 lásán ló ń jẹ, iná tí wọ́n fi ń se omi tíì wọn ní kẹ́tùlù tó kún lẹ́ẹ̀kan ju èyí tí fáànù ń jẹ ní wákàtí mẹ́wàá lọ. Mo ti fi sẹlotéèpù lẹ bọ́tìnì yẹn pa.