Mo ń fi dátà fóònù ṣiṣẹ́ lórí POS, ṣùgbọ́n bí ìpè bá ti wọlé, POS á dákẹ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ìyá Ìbejì (Ìdúmọ̀tà):
Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ará ilé mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Inú plásà kan ní Ìdúmọ̀tà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, ní kọ̀rọ̀ tí oòrùn pàápàá kì í dé. Léèsì ni mò ń tà, mo sì ní POS kan tí àwọn oníbàárà fi ń sanwó. Síìmù tó bá POS yẹn wá kì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ṣọ́ọ̀bù. Ògiri nípọn, béèlì aṣọ sì kún ibẹ̀ dé àjà. Tí ẹnìkan bá fẹ́ sanwó, èmi àti onítọ̀hún la ó jọ jáde sí ẹnu àtẹ̀gùn, màá wá gbé POS sókè bí ọmọ tí tíṣà ní kó na ọwọ́ méjèèjì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n tan hotspot fóònù mi, kí POS máa fa dátà níbẹ̀. Ó bá mi ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ń dà mí láàmú. Tí ọjà bá dá, tí mi ò rí oníbàárà fún bí ogún ìṣẹ́jú, hotspot á ti pa ara rẹ̀ kí ẹlòmíì tó dé.

Èkejì ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ Ẹtì, obìnrin kan ra léèsì yáàdì márùn-ún. Ó ti tẹ PIN rẹ̀, POS ń yí, ó ń yí. Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe pè láti Ìkòròdú. Mo gbé e, mo ní "Ẹ ǹ lẹ́ mà," kí n tó sọ ìkejì, POS ti ní kò lọ. Alẹ́ẹ̀tì sì wọ fóònù obìnrin náà pé owó ti kúrò. Ó ní òun ò ní san òmíràn. Èmi náà ní léèsì ò ní jáde. A jókòó ti ara wa, mo tilẹ̀ ra Gala àti omi fún un, ilẹ̀ ti ń ṣú kí owó tó padà sínú àkáǹtì rẹ̀.

Ṣé fóònù ni kò dáa ni àbí POS? Àwọn kan ní kí n lọ ra MiFi, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín dátà bíi hotspot, mi ò sì fẹ́ náwó lásán.

Atúnfóònùṣe Ọ̀tígbà:
Màámi, ẹ kú ìrọ́jú. Fóònù ò bàjẹ́, POS náà ò bàjẹ́. Ìpè yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Dátà ni wọ́n ṣe 4G fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí fóònù ò bá ní VoLTE, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ìpè gba orí 4G, tàbí tí wọn ò tàn án, fóònù ò lè gbé ìpè lórí 4G. Ńṣe ló máa sáré sọ̀kalẹ̀ sórí 3G tàbí 2G kó lè dá olùpè lóhùn. Tó bá bọ́ sórí 3G, dátà á já díẹ̀ kó tó tún so. Tó bá jẹ́ 2G ló bọ́ sí, ó sábà máa ń dúró pátá ni títí ẹ ó fi parí ọ̀rọ̀. POS ò ní sùúrù yẹn. Ọ̀rọ̀ ti dé báǹkì, wọ́n ti yọ owó, èsì tó yẹ kó padà wá bá POS ni ò rọ́nà.

Ẹ dán an wò báyìí: kí ẹnìkan pè yín, kí ẹ máa wo òkè ojú fóònù, níbi tí wọ́n kọ 4G sí. Tó bá yí padà di 3G, H (3G náà ni) tàbí E (2G nìyẹn) bí ìpè ṣe ń wọlé, ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Ẹ wá wọ Settings, ẹ lọ síbi síìmù, ẹ wá VoLTE. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ tàn án. Kì í ṣe gbogbo fóònù ló ní in, síìmù náà sì gbọ́dọ̀ gbà á.

Ti hotspot tó ń pa ara rẹ̀, kò le. Tí POS bá sùn, Wi-Fi rẹ̀ á já. Fóònù á wò ó pé kò sẹ́ni tó so mọ́ òun mọ́, á pa hotspot kó lè fi bátìrì pamọ́. Nínú ojú ewé hotspot yẹn, ẹ máa rí "Turn off hotspot automatically" tàbí nǹkan tó jọ ọ́. Ẹ pa á.

Ọmọ Mushin:
Ìyá Ìbejì, ẹ má ra MiFi kankan. Ẹ wá fóònù àlòkù tí ẹnikẹ́ni ò ní nọ́ńbà rẹ̀, ẹ fi síìmù dátà sí i, ẹ gbé e sójú fèrèsé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Hotspot á dé ọ̀dọ̀ POS nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò bá jìnnà. Fóònù ni kó máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, POS á jókòó jẹ́ẹ́.

Àǹtí POS Ojúẹlẹ́gba:
Ọmọ Mushin, ojú fèrèsé ní Ìdúmọ̀tà? Ṣé o fẹ́ kí olè gbé e lọ ni?

Ọmọ Mushin:
Ẹ má bínú mà. Inú fèrèsé ni mo ní lọ́kàn, kì í ṣe ìta 😂

Àǹtí POS Ojúẹlẹ́gba:
Ẹ gbọ́ tèmi o, torí ó ti jẹ mí níyà. Mo pààrọ̀ fóònù lọ́dún tó kọjá, POS mi wá kọ̀, kò rí hotspot náà rárá. Fóònù àwọn ọmọ ilé ń rí i, POS ní kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń bú ẹni tó tà á fún mi kí àbúrò mi tó wò ó: oríṣi ìgbì Wi-Fi méjì ló wà, 5GHz ni fóònù tuntun yẹn fi ń gbé hotspot jáde, 2.4GHz nìkan sì ni POS mi mọ̀. A yí i sí 2.4, wọ́n rí ara wọn. Àwọn tó ń lo iPhone, "Maximize Compatibility" ni kí ẹ tàn. 2.4 yẹn náà ló máa ń la ògiri kọjá jù.

Ẹ sì fi password gidi sí i. 12345678 ni mo lò tẹ́lẹ̀, àṣé àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi ń fi wo bọ́ọ̀lù. Dátà tó yẹ kí POS fi ṣiṣẹ́ fún oṣù kan tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta!

Alájọ Oyíngbo:
Ṣé wọn ò ní gba orí hotspot jí PIN oníbàárà báyìí?

Atúnfóònùṣe Ọ̀tígbà:
Rárá o. Inú POS fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń ti PIN pa kó tó jáde. Ohun tó ń gba orí fóònù kọjá ti di àdììtú.

Bàbá Yábàá:
Ẹ̀yin ọmọ yìí ń gbádùn. Nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílùú yìí, mo ní Palm kan, kọ̀ǹpútà kékeré àtẹ́lẹwọ́, tí mo fi ń ka ímeèlì. Nokia mi ni módẹ́ẹ̀mù tó ń bá a fa dátà. Ẹ gbọ́dọ̀ kọjú ihò infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí, tó ń gbé dátà) àwọn méjèèjì síra lórí tábìlì, kí Palm wá pe *99#, nọ́ńbà tó ń ṣí dátà, lórí Nokia. Tí ẹ bá húkọ́, tí ọ̀kan yẹ̀ díẹ̀, ó parí. Ìgbà tí Bluetooth dé ni mo tó lè fi fóònù sápò.

Ìyá Ìbejì, ẹyọ kan ni mo fẹ́ fi kún un. Lọ́jọ́ mìíràn tí POS bá ní kò lọ, tí alẹ́ẹ̀tì sì wọlé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún káàdì tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ìtàn owó lórí POS, kí ẹ tẹ rísíìtì rẹ̀ jáde. Nọ́ńbà RRN tó wà lára rẹ̀ ni báǹkì máa fi wá owó náà.

Ìyá Ìbejì (Ìdúmọ̀tà):
Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ti dé pẹ̀lú àbọ̀.

Mo ní kí ọmọ mi pè mí, mo la ojú sílẹ̀ wo òkè fóònù. 4G di H kíá! Mo wá VoLTE títí, kò sí níbẹ̀. Fóònù bàbá àwọn ìbejì tó ti sán lójú ni mo wá gbé jáde nínú dúrọ́ọ̀, tí a ti pa tì láti ìgbà tó ti jábọ́. Síìmù dátà tuntun ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ nọ́ńbà yẹn, èmi gan-an ò tíì mọ̀ ọ́n sórí. Mo pa ètò tó ń pa hotspot yẹn, mo yí i sí 2.4, mo fi sínú àpò kékeré kan, mo so ó mọ́ irin fèrèsé láti inú, ọ̀rọ̀ Àǹtí ò kúrò létí mi. Ó máa ń gbóná tó bá di ọ̀sán, nítorí náà mo ṣí ẹnu àpò yẹn sílẹ̀, pawabáǹkì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Láti àárọ̀ ni POS ti ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, mi ò tíì dé ẹnu àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n mi ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti Ìkòròdú. Mo gbé gbogbo rẹ̀.