Ọ̀rọ̀ Narrator bàbá mi ti yanjú o

Ẹ kú àdúrótì mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo bèèrè ìdí tí kọ̀ǹpútà bàbá mi kì í fi kọ ohun tí wọ́n bá tẹ̀. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, Narrator inú Windows, ìyẹn ohùn tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síta, ni wọ́n fi ń gbọ́ lẹ́tà. Tí wọ́n bá tẹ H, dípò kí H jáde, ohùn yẹn á fò lọ síbi àkọlé tó kàn.

Kọ̀ǹpútà ò bàjẹ́ rárá. (Ẹni tó ní kí n fọ Windows dànù, ẹ ṣé o, mi ò fọ̀ ọ́.) Scan mode Narrator, ìyẹn ètò tó ń sọ lẹ́tà di bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fò kiri ojú ìwé, ló wà ní títàn: H ń wá àkọlé, K ń wá líǹkì. Caps Lock pẹ̀lú bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀ yẹn ló ń pa á. Ó máa ń kú fúnra ẹ̀ téèyàn bá wọ ibi ìkọ̀wé, àmọ́ ọwọ́ bàbá kì í kúrò lórí ọfà ìsàlẹ̀. Tí ọfà bá ti gbé wọn jáde, ó tún tàn nìyẹn.

Lẹ́tà ńlá náà dà wá láàmú. Caps Lock ti di ti Narrator, ẹ̀ẹ̀mejì kíákíá lẹ máa tẹ̀ ẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ ẹ̀ àtijọ́.

Lánàá, wọ́n fúnra wọn kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi ní London. Ohùn òyìnbó yẹn wá pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni tí iyán gbóná wà lẹ́nu ẹ̀. Bàbá tẹ Ctrl, ó dákẹ́ wẹ́lo. Wọ́n ní, "Orúkọ ọmọ mi kọ́ nìyẹn."